Wisteria Tí A Lọ́: Àgbéyẹ̀wò Ìtàkùn Olódòdó Kan àti Ọgbà Ìtajà Tí Mo Ti Rà Á

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní àyíká rẹ̀ yóò ti rí ìtàkùn kan tó máa ń bo iwájú àwọn ilé bíríkì láti ìparí oṣù Kẹrin wọ inú oṣù Karùn-ún, tí òdòdó elésè àlùkò rẹ̀ ń rọ̀ sílẹ̀ ní ṣírí-ṣírí lára ògiri, tí òórùn dídùn rẹ̀ sì ń dé ojú títì. Wisteria ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a ti ní ilé tiwa ní Ìlú Ọba ni a fẹ́ kí ó wà lára ògiri wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan tàbí ẹni méjì nínú àwọn tó ti gbìn ín ló ń ráhùn pé ewé nìkan ni àwọn ń rí lọ́dọọdún. Èrò tèmi ni pé ibi tí a ti rà á, àti irú èyí tí wọ́n tà fún wa, bóyá èyí tí wọ́n lọ́ (ìyẹn èyí tí wọ́n so ẹ̀ka ìtàkùn àgbà pọ̀ mọ́ gbòǹgbò ọmọdé ìtàkùn) tàbí èyí tó ti inú kóró hù, ló máa ń pinnu bóyá òdòdó yóò tètè dé tàbí kò ní tètè dé, kí a tó gbé ọkọ́ láti gbẹ́ ihò rẹ̀ rárá. Ohun tí mo fẹ́ fi àgbéyẹ̀wò yìí ṣàlàyé nìyẹn.

Èyí tí mo rà ni Wisteria sinensis, ìyẹn wisteria ti ilẹ̀ Ṣáínà, ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní 'Prolific'. Èyí tí wọ́n lọ́ ni, inú ìkòkò onílítà mẹ́ta ló sì wà. Ọgbà ìtajà ọ̀gbìn kékeré kan ní Kent ni mo ti rà á, níbi tó jẹ́ pé ìtàkùn olódòdó àti igi eléso ni gbogbo ọjà wọn. Wọn kì í ta àga ìjókòó, wọn kì í sì í ta iná Kérésìmesì. Owó tí mo san lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n pọ́n-ùn. Ní ilé ìtajà ńlá kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, wisteria tó ga tó tèmi wà nílẹ̀ tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì èyí, ẹni tí kò bá sì mọ ohun tó fa ìyàtọ̀ yóò rò pé ọgbà kékeré náà ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Wọn kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Wisteria tí a gbìn láti inú kóró lè lo ogún ọdún kó tó tanná fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀gbìn tó bá ti inú kóró hù máa ń ní ìgbà èwe tirẹ̀, nínú ìgbà èwe yẹn, ewé àti ẹ̀ka ni gbogbo agbára rẹ̀ ń lọ sí. Kò sí ajílẹ̀ tí ènìyàn lè dà sí ìdí rẹ̀ tí yóò sọ ọ́ di àgbà lọ́jọ́ kan. Èyí tí wọ́n lọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ́ ọ yóò gé ẹ̀ka lára ìtàkùn àgbà tó ti ń tanná lọ́dọọdún, yóò so ó pọ̀ mọ́ ìdí ọmọdé ìtàkùn tó ní gbòǹgbò, èèpo àwọn méjèèjì yóò sì jinná mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi di igi kan ṣoṣo. Gbòǹgbò náà kéré lọ́jọ́ orí lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka tó wà lórí rẹ̀ ti dàgbà tán kí wọ́n tó gé e, kò sì tún ní padà sí èwe. Ìdí nìyí tí wisteria tí a lọ́ fi máa ń tanná láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lẹ́yìn tí a bá ti gbìn ín, tí òmíràn tilẹ̀ máa ń ní òdòdó lórí nígbà tó ṣì wà nínú ìkòkò ní ọjà.

Ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì sí àwọn àgbẹ̀ wa nílé. Ẹni tó bá ti ra ọsàn tàbí máńgòrò tí wọ́n lọ́, irú èyí tí NIHORT, ilé iṣẹ́ ìwádìí nípa ọ̀gbìn ní Ìbàdàn, máa ń pèsè, mọ̀ pé kì í pẹ́ kó tó so bí èyí tí a kàn ju kóró rẹ̀ sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé èso tó bá so lára rẹ̀ yóò jọ ti igi tí wọ́n ti mú ẹ̀ka náà gan-an. Bẹ́ẹ̀ náà ni wisteria rí. Kóró kan kò lè ṣèlérí àwọ̀ òdòdó, kò lè ṣèlérí gígùn ṣírí rẹ̀, kò sì lè ṣèlérí òórùn. Ẹ̀ka tí a lọ́ ṣèlérí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó san ọgbọ̀n pọ́n-ùn ra ju ewé àti ìkòkò lọ. Ọdún tí ẹlòmíràn ti fi dúró de ìtàkùn àgbà ló rà, pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ ẹni tó lọ́ ọ.

Ohun tó mú kí n fẹ́ràn ọgbà ìtajà náà ni pé wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó fi ọjà hàn mí. Ìyá àgbàlagbà tó dá mi lóhùn kọ́kọ́ fẹ́ mọ ibi tí ògiri ilé mi kọjú sí, ó sì fẹ́ mọ wákàtí tí oòrùn máa ń wà lára rẹ̀. Ó béèrè bóyá ilé náà jẹ́ tèmi tàbí mo háyà rẹ̀, nítorí pé ìtàkùn yìí kì í ṣe ohun tí a ń wú kúrò nílẹ̀ nígbà tí a bá ń kó ẹrù. Ó béèrè bí páìpù tó ń gba omi òjò láti òrùlé ti jìnnà sí ibi tí mo fẹ́ gbìn ín sí. Lẹ́yìn tí ó gbọ́ èsì ni ó tó mú mi lọ sí ibi tí àwọn wisteria wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ hàn mí: kókó kan wà ní ìdí igi náà, díẹ̀ sókè ilẹ̀, níbi tí èèpo tó wà lókè kò ti jọ èyí tó wà nísàlẹ̀. Ó ní kí n fi ọwọ́ kàn án kí n lè dá a mọ̀ níbòmíràn. Lára lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni orúkọ ẹ̀yà wà, pẹ̀lú àwọ̀ òdòdó àti ọdún tí wọ́n lọ́ ọ. Mo ti ra ọ̀gbìn ní ibi púpọ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí, n kò sì tíì rí ibòmíràn tí wọ́n ti ń kọ ọdún tí wọ́n lọ́ igi sára rẹ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń ta ìtàkùn tó máa ń pẹ́ tanná máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ilé ìtajà ńlá tí mo mẹ́nu bà, ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì kò ju ọ̀rọ̀ náà "Wisteria" àti àwòrán òdòdó ẹlẹ́wà lọ. N kò rí kókó kankan ní ìdí àwọn tí mo yẹ̀ wò, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kò sì mọ bóyá láti inú kóró ni wọ́n ti wá. N kò dá a lẹ́bi, nítorí kò sí ẹni tó sọ fún òun náà. Òótọ́ ni pé a lè rí wisteria tó dára tí kò ní kókó, bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ka ìtàkùn àgbà ni wọ́n tẹ̀ bọ inú ilẹ̀ títí tó fi ta gbòǹgbò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta irú èyí yóò lè sọ ọ́. Ohun tí kò bá mi lára mu ni kí wọ́n ta ohun tó lè gba ogún ọdún, kí wọ́n lẹ àwòrán òdòdó tó ti tan mọ́ ọn lára, kí wọ́n má sì kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa iye ọdún náà síbẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì, tó fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ra irú rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ jókòó sábẹ́ òdòdó náà, ni wọ́n ṣẹ̀ sí jùlọ.

Ọ̀nà kan wà tí ẹni tó ń rà á fi lè yẹ lébẹ́ẹ̀lì wò fúnra rẹ̀, mo sì gbádùn ọ̀nà yìí gan-an nítorí pé ìtàkùn náà fúnra rẹ̀ ló ń jẹ́rìí. Irú wisteria méjì ló wọ́pọ̀ jù ní ọjà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti ilẹ̀ Ṣáínà, Wisteria sinensis, máa ń tanná kí ewé rẹ̀ tó bo igi, gbogbo òdòdó tó wà lára ṣírí kan sì máa ń là lẹ́ẹ̀kan náà. Ti ilẹ̀ Japan, Wisteria floribunda, máa ń tanná bí ewé ti ń yọ, òdòdó rẹ̀ ń là díẹ̀díẹ̀ láti òkè ṣírí lọ sí ìsàlẹ̀, ṣírí náà sì máa ń gùn ju ti Ṣáínà lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní 'Multijuga' lè gùn tó mítà kan. Bí ẹ bá wo ìtàkùn náà láti òkè, ẹ óò rí i pé ti Ṣáínà ń yí mọ́ igi ní òdìkejì sí bí ọwọ́ aago ti ń yí, ti Japan sì ń bá ọwọ́ aago lọ. Òdòdó kò ní láti wà lórí rẹ̀ kí ẹ tó mọ èyí. Mo wo tèmi nínú ìkòkò, bó ti yí mọ́ ọ̀pá ọparun rẹ̀, mo sì rí i pé òtítọ́ ni lébẹ́ẹ̀lì náà sọ. Ní ilé ìtajà kejì, ìkòkò méjì tí wọ́n kọ orúkọ kan náà sí lára ń yí sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Bí ó bá dà bí ẹni pé mo ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ọdún jù, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ro bí ìtàkùn yìí ti ń pẹ́ láyé. Ọdún 1816 ni wisteria ilẹ̀ Ṣáínà kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Canton, ìlú èbúté kan ní Ṣáínà, nípasẹ̀ John Reeves, ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tíì fún ilé iṣẹ́ East India Company níbẹ̀. Ní ọdún 1818 ni Thomas Nuttall, onímọ̀ nípa ewéko, fún gbogbo irú ìtàkùn yìí lápapọ̀ ní orúkọ náà Wisteria, ní ìrántí oníṣègùn Caspar Wistar ti ìlú Philadelphia. Ìtàkùn kan ṣì wà lára ògiri ilé ìpọntí Griffin ní Chiswick, ní ìwọ̀-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n sọ pé ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé ní ọdún 1816 yẹn, ó sì ń tanná síbẹ̀. Ẹni tó bá gbin wisteria sára ilé rẹ̀ lónìí, àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ lè rí òdòdó rẹ̀. Ohun tó máa pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lára ilé, ó tọ́ kí a fi ìṣọ́ra yàn án, kí a sì mọ orúkọ rẹ̀ dájú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí èyí tí mo rà ti ṣe sí lẹ́yìn tó wọ ilẹ̀. Ògiri tó kọjú sí gúúsù ni mo gbìn ín sí, nítorí pé wisteria tí kò bá rí oòrùn tó pọ̀ yóò yọ ewé, kò ní yọ òdòdó. Ìwọ̀-oòrùn náà dára, àríwá kò dára rárá. Mo ta wáyà tí kì í dípẹtà sára ògiri ní ìbú-ìbú, ìkọ̀ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30, mo sì kan ìṣó wọn wọlé dáadáa, torí pé igi ìtàkùn yìí máa ń nípọn tó itan ènìyàn bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, ó sì lè ga ju mítà mẹ́sàn-án lọ. Ẹni tó bá fi okùn lásán gbé e ń fi àkókò ṣòfò. Ní ọdún àkọ́kọ́, gbòǹgbò ló ń fi ìdí múlẹ̀, ìtàkùn náà kò sì fi bẹ́ẹ̀ rìn. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í nà, ẹ̀ka tútù rẹ̀ sì ń wá ohun tí yóò dì mú níbi gbogbo, títí kan fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ gígé ẹ̀ka rẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé wisteria tí a lọ́ pàápàá kì yóò tanná dáadáa bí a kò bá gé e. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni a ń gé e. Èkínní ni oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ, nígbà tí òdòdó ti re tán tí ẹ̀ka tútù gígùn sì ti yọ káàkiri. A ó gé àwọn ẹ̀ka ọdún náà kù sí ewé márùn-ún tàbí mẹ́fà láti ìdí. Ẹ rántí pé ohun tí à ń pè ní ewé kan lára wisteria ni gbogbo ọ̀pá ewé náà pẹ̀lú àwọn ewé wẹ́wẹ́ tó tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀; ẹni tó bá ka ewé wẹ́wẹ́ márùn-ún yóò gé igi náà kọjá ààlà. Gígé yìí ń jẹ́ kí oòrùn dé ara igi tó kù, kí ó lè gbó, ibẹ̀ sì ni ìrudi òdòdó ọdún tó ń bọ̀ ti ń dá. Èkejì ni oṣù Kìn-ín-ní tàbí oṣù Kejì, nígbà tí kò sí ewé lórí rẹ̀ mọ́. A ó padà sí àwọn ẹ̀ka tí a ti gé tẹ́lẹ̀ náà, a ó sì gé wọn kù sí ìrudi méjì tàbí mẹ́ta. Ní àkókò yìí, ojú lè dá ìrudi méjèèjì mọ̀ yàtọ̀: ti òdòdó sanra, ó sì rí róbótó, ti ewé tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì mú lẹ́nu. Mo máa ń fi ara balẹ̀ wò wọ́n ní oṣù Kejì, nítorí pé ara wọn ni mo ti ń mọ bí oṣù Karùn-ún yóò ti rí.

Nítorí pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni ìrudi ọdún yìí ti dá, ọ̀dá láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án lè ba òdòdó jẹ́ ní ọdún kejì, ẹni tó ni ín yóò sì máa wá ohun tó fà á ní ibi tí kò sí. Ẹ bu omi sí ìdí rẹ̀ ní àwọn oṣù wọ̀nyẹn, pàápàá bí ó bá wà ní ẹsẹ̀ ògiri níbi tí òjò kì í ti í dé dáadáa. Ní ti ajílẹ̀, ẹ má ṣe fún un ní èyí tó kún fún nitrogen. Inú ìdílé kan náà pẹ̀lú ẹ̀wà ni wisteria wà, òun náà sì máa ń bá àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀ láti fa nitrogen láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá tún fi kún un, ewé ni yóò fi ṣe. Pọ́táṣì ni ó fẹ́ kí ó lè tanná, ajílẹ̀ olómi tí wọ́n ń tà fún tòmátì sì ní i nínú.

Ohun kan wà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìyẹn ìrì dídì tó máa ń padà wá nínú oṣù Kẹrin lẹ́yìn tí oòrùn ti tan àwọn ìrudi jáde. Òru kan ṣoṣo lè sọ gbogbo wọn di dúdú. Ti orí ìtàkùn kékeré ṣeé fi aṣọ fẹ́lẹ́ bò mọ́lẹ̀, ti orí èyí tó ti dé òkè ilé kò ṣeé bò.

Òdòdó tèmi dé láàárín àkókò tí ìyá náà sọ fún mi. Ṣírí rẹ̀ kò pọ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ọdún tó tẹ̀ lé e, ògiri náà kò ṣeé gbójú kúrò lára rẹ̀, àwọn oyin ńláńlá sì ń wọ inú rẹ̀ láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ bá ohun tó wà lára lébẹ́ẹ̀lì mu. Òórùn rẹ̀ wọlé nípasẹ̀ fèrèsé òkè, ó dùn, kò sì wúwo jù. Mo láyọ̀ láti sọ pé ọjà náà ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní yóò ṣe.

Kò túmọ̀ sí pé ọgbà ìtajà kékeré náà kò ní àléébù. Okùn ike tí wọ́n fi so ìtàkùn náà mọ́ ọ̀pá ọparun le jù, ó ti ń wọ inú èèpo rẹ̀ nígbà tí mo gbé e délé, ẹni tí kò bá sì yẹ̀ ẹ́ wò lè jẹ́ kí okùn náà há igi lọ́rùn. Gbòǹgbò rẹ̀ ti ń yí po nínú ìkòkò, mo ní láti fi ọwọ́ tú u kí n tó gbìn ín. Wọn kò sọ fún mi pé ẹ̀ka lè hù láti abẹ́ kókó tí wọ́n ti lọ́ ọ, pé ti gbòǹgbò ọmọdé ni ẹ̀ka bẹ́ẹ̀, tí kò ní tanná láìpẹ́, àti pé ó yẹ kí a máa yọ ọ́ dànù ní kété tí a bá ti rí i. Èyí tó burú jù lójú tèmi ni pé kò sí ìkìlọ̀ kankan lára lébẹ́ẹ̀lì nípa májèlé. Lẹ́yìn òdòdó, wisteria máa ń so pódì gígùn tó ní irun múlọ́múlọ́ lára, kóró tó wà nínú rẹ̀ sì jọ ẹ̀wà pẹlẹbẹ lójú ọmọdé. Májèlé ni. Ó máa ń dá inú rú, ó sì máa ń fa èébì. Ilé tí ọmọ kékeré bá wà, kí wọ́n gé pódì náà dànù kí ó tó gbó.

Àwọn tí ògiri wọn kọjú sí àríwá béèrè bóyá kò sí ohun tí àwọn náà lè gbìn. Ọgbà ìtajà yìí kan náà ní hydrangea tó ń gun ògiri, Hydrangea anomala ẹ̀ka petiolaris, tí òdòdó funfun rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ ní oṣù Kẹfà. Òun náà máa ń pẹ́, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lè kọjá kí ó tó ṣe ohunkóhun tó jọjú, ṣùgbọ́n ó gba òjìji, kò fẹ́ wáyà torí pé gbòǹgbò kéékèèké ara ẹ̀ka rẹ̀ ló fi ń lẹ̀ mọ́ ògiri, kò sì fẹ́ gígé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Ohun tó tọ́ fún irú ògiri bẹ́ẹ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ sì kéré sí ti wisteria.

Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Atlanta, ní Houston àti káàkiri gúúsù Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́ ẹ má ṣe ra ti Ṣáínà tàbí ti Japan. Àwọn méjèèjì ti sá wọ inú igbó níbẹ̀, wọ́n ń fún igi lọ́rùn, wọ́n sì ń bo oòrùn mọ́ àwọn tó kù. Wisteria frutescens ni ti ilẹ̀ yín, ẹ̀yà rẹ̀ tó ń jẹ́ 'Amethyst Falls' sì máa ń tanná nígbà tó ṣì kéré. Ó kéré ju àwọn yòókù lọ, ó ṣeé gbìn sínú ìkòkò ńlá, lẹ́yìn tí ewé rẹ̀ bá ti yọ ló sì tó ń tanná, nítorí náà ìrì dídì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i mú.

Ẹni tó bá sì ń ronú láti gbé wisteria lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, mo fẹ́ kí ó fi owó rẹ̀ ra nǹkan mìíràn. Ìtàkùn ilẹ̀ tó ní ìgbà òtútù ni, ó fẹ́ oṣù mélòó kan tí ewé rẹ̀ yóò re tí ara rẹ̀ yóò sì sinmi kí ó tó rudi. Petrea volubilis ni mo rò pé ó yẹ ilẹ̀ wa. Láti Mexico àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ó ti wá, òdòdó elésè àlùkò rẹ̀ ń rọ̀ ní ṣírí, ewé rẹ̀ le gbúnrungbúnrun bí ewé ìpín tí àwọn àgbà fi ń dán igbá, kò sì bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn. Òun náà fẹ́ sùúrù ọdún díẹ̀ àti oòrùn púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ àwọn olódòdó ẹ̀bá títì, ẹ béèrè bóyá lára igi tó ti ń tanná ni wọ́n ti mú un, ẹ sì ní kí wọ́n mú yín lọ wo igi náà bí ó bá wà nítòsí.

Mo gba ẹnikẹ́ni tó ní ògiri olóòrùn ní Ìlú Ọba nímọ̀ràn láti ra wisteria tí a lọ́ ní owó tó wà lórí rẹ̀, bí owó náà tilẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ ní ìlọ́po méjì. Irú ọgbà ìtajà tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà ní ọ̀pọ̀ agbègbè, wọ́n kàn máa ń wà ní ojú ọ̀nà kékeré tí ọkọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà ni. Oṣù Karùn-ún ni kí ẹ lọ síbẹ̀. Òdòdó yóò ti wà lórí àwọn mìíràn nínú ìkòkò nígbà náà, ẹ óò rí àwọ̀ wọn, ẹ óò gbọ́ òórùn wọn, ẹ óò sì mọ̀ dájú pé èyí tí ẹ gbé sínú ọkọ̀ ti mọ bí a ti ń tanná. Ẹ gé okùn ike rẹ̀ kúrò kí ẹ tó gbìn ín, ẹ sì tọ́jú lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ sínú ilé, nítorí pé oòrùn àti òjò yóò pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ bí ó bá wà níta.